Ìrìn Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ní Ìgbèríko Nẹ́dálándì

Bí oṣù Kẹrin bá ti wọlé, tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nẹ́dálándì, àwọn èèyàn á máa tú jáde sí ìgbèríko lórí kẹ̀kẹ́, ní mẹ́jọ mẹ́jọ, ní méjìlá méjìlá, nígbà mìíràn wọ́n á tó ogún. Ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbì kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ kan. Àlejò láti Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ni àwọn mìíràn, tí wọn kò mọ ara wọn rí títí di àárọ̀ tí wọ́n pàdé ní ṣọ́ọ̀bù tó ń fi kẹ̀kẹ́ háyà. Àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ nínú wọn. Wọn kì í sáré ìje. Kìlómítà 15 ní wákàtí kan ni ìrìn wọn, kìlómítà 40 sí 50 lóòjọ́, wọ́n á sì máa dúró mu kọfí, wọ́n á máa wọ ọkọ̀ sọdá odò, wọ́n á máa wo ohun tó bá wù wọ́n lẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹni tó bá rí wọn lókèèrè lè rò pé fàájì lásán ni. Fàájì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètò wà nídìí rẹ̀, ètò náà ni mo sì fẹ́ tú palẹ̀ níhìn-ín, nítorí mo gbà pé ó yẹ kí á wò ó ju òdòdó àti ọlọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń yà sára káàdì lọ.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé ilẹ̀ wọn tẹ́jú, ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ fi rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Òótọ́ ni pé ó tẹ́jú. Vaalserberg, òkè tó ga jù ní Nẹ́dálándì tó wà ní ilẹ̀ Yúróòpù, kò ju mítà 322 lọ, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó tẹ́jú pọ̀ láyé tí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kò ti rí ibi fi táyà sí. Ọ̀nà ni Nẹ́dálándì fi ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀nà tí wọ́n là sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ lé ní kìlómítà 35,000, fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 èèyàn tí kẹ̀kẹ́ wọn pọ̀ ju àwọn fúnra wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí aṣíwájú ẹgbẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń mọ̀nà. Níbi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bá ti pàdé ara wọn ní ìgbèríko, òpó kan wà níbẹ̀ tó ní nọ́ńbà, láti 1 dé 99. Knooppunt ni wọ́n ń pe irú oríta bẹ́ẹ̀. Ọfà kéékèèké ń tọ́ka sí nọ́ńbà tó kàn lápá kọ̀ọ̀kan, pátákó tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ àyíká sí sì wà nítòsí. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn, aṣíwájú á jókòó ti àwòrán ilẹ̀, á yan àwọn oríta tó wù ú, á kọ wọ́n tẹ̀ léra sórí bébà pélébé: 34, 71, 8, 52. Á wá so bébà náà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ti orí nọ́ńbà kan bọ́ sórí èkejì. Bí òjò bá ṣú dẹ̀dẹ̀, wọ́n á dúró nídìí pátákó, wọ́n á yọ oríta méjì kúrò, wọ́n á fi ọ̀kan tó súnmọ́ ilé rọ́pò wọn. Ẹni tó bá sì já lẹ́yìn kò nílò kó mọ orúkọ abúlé tí ahọ́n rẹ̀ kò lè yí; kó ti mọ̀ pé 52 ni wọ́n ti máa dúró dè é, ó tó. Kìkì pé wọ́n ń tún àwọn nọ́ńbà náà lò láti agbègbè dé agbègbè, nítorí náà 34 ti ibí kì í ṣe 34 ti ọ̀hún, ẹni tó bá sì ń rin ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ ní àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́.

Ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó múlé tì wọ́n ni ọgbọ́n yìí ti wá. Hugo Bollen, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ti ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà èédú ní Limburg, ló gbé e kalẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀, nínú ihò èédú, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá oríta mọ̀ yàtọ̀ síra. Bollen rí i pé ohun tó ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn yóò ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, wọ́n sì ṣí ti Limburg ní 1995. Kò pẹ́ tí ó fi sọdá sí Nẹ́dálándì, lónìí kò sí ẹkùn kan níbẹ̀ tí kò sí. Àmì àtijọ́ ṣì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òpó kúkúrú tó rí bí olú, tí ẹgbẹ́ ANWB rì mọ́lẹ̀ sínú igbó àti ẹ̀bá pápá, tí orúkọ ìlú àti iye kìlómítà wà lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ni ANWB nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1883, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọlọ́kọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ké pè é lónìí.

Bí ọ̀nà bá ti yé wọn, ó ku bí ẹgbẹ́ ṣe ń rìn. Ẹni méjì ni iṣẹ́ wà lọ́rùn wọn, aṣíwájú àti olùkẹ́yìn. Aṣíwájú ló mọ nọ́ńbà. Olùkẹ́yìn kì í kọjá ẹnikẹ́ni láéláé, ì báà ṣe pé ẹni náà dúró ya fọ́tò tàbí pé táyà rẹ̀ ló jò. Inú àpò tirẹ̀ ni tíúbù, pọ́ǹpù àti sípánà máa ń wà. Àwọn èèyàn máa ń yin aṣíwájú, ṣùgbọ́n lójú tèmi olùkẹ́yìn ló ni ìrìn náà. Aṣíwájú tí kò mọṣẹ́ lè mú yín ṣìnà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó sì padà. Olùkẹ́yìn tí kò mọṣẹ́ á fi arúgbó kan sílẹ̀ nìkan láàárín pápá, kò sì ní mọ̀ títí dìgbà oúnjẹ.

Tí ẹgbẹ́ bá gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni ẹ̀yìn kò rí ẹni iwájú mọ́, ọ̀nà àbáyọ wà. Bí aṣíwájú bá dé ibi tí wọ́n ti máa yà, á na ọwọ́ sí ẹni tó tẹ̀ lé e gan-an pé kó dúró. Ẹni náà á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, á máa tọ́ka ọ̀nà fún gbogbo àwọn tó ń bọ̀, títí olùkẹ́yìn á fi yọ. Ìgbà náà ni á tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á wọlé síwájú olùkẹ́yìn. Ní igun tó kàn, ó kan ẹlòmíràn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo ẹgbẹ́ á ti yípo, olúkúlùkù á ti ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn yòókù, kò sì ní sídìí fún ẹnikẹ́ni láti máa sáré nítorí ìbẹ̀rù kó má sọnù.

Òfin wọn gbà pé kí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ méjì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹgbẹ́ sì ń lò ó dáadáa, nítorí ìtàkúrọ̀sọ ló ń mú kìlómítà kúrú. Ṣùgbọ́n tí kẹ̀kẹ́ mìíràn bá ń bọ̀ níwájú, ẹni iwájú á ké “Tegen!”, ẹni tó tẹ̀ lé e á gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí ìró náà á fi dé ẹ̀yìn, gbogbo wọn á sì tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igbe kejì tó ṣe pàtàkì ni “Paaltje!” Òpó kúkúrú ni èyí, tí wọ́n rì mọ́ àárín ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kí mọ́tò má bàa wọ ibẹ̀. Ẹni iwájú rí i kedere. Ẹni kẹfà kò rí i, ẹ̀yìn ẹni karùn-ún ló ń wò, bí kò bá sì gbọ́ igbe, orí òpó ni yóò bá ara rẹ̀. Ẹ má ṣe tijú láti pariwo.

Àlejò tún ní láti kọ́ àwọn òfin díẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Pátákó róbótó aláwọ̀ búlúù tó ní àwòrán kẹ̀kẹ́ funfun ń sọ pé ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ gbà. Bí ẹ bá rí onígun mẹ́ta funfun tí wọ́n kùn tò sójú ọ̀nà, tí ẹnu ṣóńṣó wọn kọjú sí yín, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹlòmíràn kọjá. Níbi tí kò bá sí àmì kankan, ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún ló ni ọ̀nà, ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ pẹ̀lú sì ní ẹ̀tọ́ yìí lórí ọlọ́kọ̀ láti 2001. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2019, ẹni tó bá di fóònù mú lórí kẹ̀kẹ́ tó ń rìn yóò san owó ìtanràn. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi háyà pàápàá lè ya àlejò lẹ́nu: lára ọ̀pọ̀ wọn, ìgbà tí ẹ bá yí pẹ́dà sẹ́yìn ni kẹ̀kẹ́ tó máa dúró, kò sí bíréèkì lọ́wọ́. Ẹ fi wákàtí kan mọ̀ ọ́n ní àdúgbò tó dákẹ́, kí ẹ tó bọ́ sáàárín èrò. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ti pọ̀ gan-an báyìí, ó sì dára fún ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Ẹ̀rọ rẹ̀ á máa ti ẹsẹ̀ lẹ́yìn títí dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà á fi yín sílẹ̀. Àgbà tó wà lórí rẹ̀ ni yóò wá máa dúró de ọ̀dọ́ tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà á.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá gidi. Ohun tí òkè ń fi ojú ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ rí níbòmíràn, afẹ́fẹ́ ló ń fi ojú rẹ̀ rí níbẹ̀, nítorí igbó tàbí òkè tó máa dí i lọ́wọ́ láti òkun wá kò pọ̀. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti sábà máa ń fẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n ń fi ìrìn etí òkun bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù lọ sí àríwá. Bí wọn kò bá lè yẹra fún un, ẹgbẹ́ á tò pẹ́kípẹ́kí, ẹni tó lágbára á lọ síwájú, ẹni tó rẹ̀ á fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń lò níwájú kó tó gbà fún ẹlòmíràn. Àwọn ará Nẹ́dálándì fẹ́ràn ìyà yìí débi pé wọ́n sọ ọ́ di ìdíje: bí ìjì ńlá bá ń bọ̀, wọ́n á pe àwọn èèyàn jọ sórí Oosterscheldekering ní Zeeland, ìdènà òkun tí wọ́n parí ní 1986, kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tí kò ní gíà dojú kọ afẹ́fẹ́ fún kìlómítà 8.5.

Ìdènà yẹn kì í ṣe ohun eré. Ní 1953, omi òkun ya wọ ẹkùn náà lóru, ó sì pa èèyàn 1,836 ní Nẹ́dálándì. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ní ìgbèríko wọn, lórí iṣẹ́ tí wọ́n fi lé omi sẹ́yìn ló ń gùn ún, kò sì sí ibi tí èyí ti hàn sí mi ju ìrìn láti Schoonhoven sí Kinderdijk. Schoonhoven jẹ́ ìlú kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà sọ di olókìkí. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń wọ ọkọ̀ ìsọdá lórí odò Lek, kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò á jọ dúró lórí rẹ̀, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ní òdìkejì, wọ́n á gun òkìtì ìdènà omi, wọ́n á yà sí ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n á sì máa bá odò lọ. Wọ́n á kọjá Groot-Ammers, wọ́n á kọjá Streefkerk àti Nieuw-Lekkerland.

Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì lórí òkìtì náà. Lápá ọ̀tún, odò ń ṣàn, ọkọ̀ ẹrù ń kọjá lórí rẹ̀. Lápá òsì, ilẹ̀ rẹlẹ̀ lọ sísàlẹ̀, màálù ń jẹko níbẹ̀, àwọn ilé kan sì wà tó jẹ́ pé òrùlé wọn ni ojú ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ń bá pàdé. Ojú odò ga ju pápá tí màálù ń jẹ lọ. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan yóò lóye orílẹ̀-èdè náà ju ẹni tó ka ìwé lọ, nítorí á rí i pé bí òkìtì yìí bá ya, kò sí ilé kan tó máa ṣẹ́ kù níbẹ̀.

Ní Kinderdijk ni àwọn ọlọ afẹ́fẹ́ wà, 19 lápapọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn ti wà láti 1738 àti 1740. Wọn kò lọ ọkà rí. Omi ni wọ́n ń gbé láti inú ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ sókè sínú adágún tó ga jù ú, kí wọ́n tó tú u sódò Lek. Ẹ̀rọ alágbára ló ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí, ṣùgbọ́n ìdílé ṣì ń gbé nínú púpọ̀ nínú àwọn ọlọ náà, UNESCO sì fi ibẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 1997. Iṣẹ́ ìtọ́jú omi yìí ní ìjọba tirẹ̀ tó ń jẹ́ waterschap. Ti Rijnland ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàlá, àwọn ará ìlú ṣì ń dìbò yan ìgbìmọ̀ wọn títí dòní. Àgbẹ̀ tí òkìtì bá gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá àti ẹni tó ń gbé jìnnà sódò jọ ń san owó rẹ̀, nítorí omi tó bá wọlé kò ní bèèrè ẹni tó san.

Àwọn tí kò fẹ́ máa kó ẹrù láti òtẹ́ẹ̀lì dé òtẹ́ẹ̀lì ń lo ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ ẹrù àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ti sọ di ilé: yàrá kéékèèké wà nísàlẹ̀, ibi oúnjẹ wà lókè, kẹ̀kẹ́ á sì tò sórí òrùlé. Láàárọ̀, ẹgbẹ́ á jẹun tán, wọ́n á di búrẹ́dì àti wàràkàṣì fún ọ̀sán, wọ́n á gbéra. Ọ̀gá ọkọ̀ á gba ojú omi lọ, wọ́n á pàdé ní èbúté mìíràn nírọ̀lẹ́. Láti Amsterdam títí dé Bruges ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ẹni tó bá ń rẹ̀ lè jókòó sínú ọkọ̀ fún ọjọ́ kan, kò sì ní sọnù lára ẹgbẹ́.

Ìdúró láti sinmi náà ní àṣà tirẹ̀. Nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀, kọfí àti àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi ápù ṣe. Ní Gouda, stroopwafel, bisikíìtì pẹlẹbẹ oníṣúgà, tó ṣì gbóná. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni tábìlì kékeré tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé sẹ́nu ọ̀nà oko wọn, tí ẹyin, ápù tàbí ìgò jáàmù wà lórí rẹ̀, tí wọ́n kọ iye owó sára páálí, tí agolo owó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, láìsí ẹnì kan tó ń ṣọ́ ọ. Ó dà bí ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe lọ́nà oko, tí wọ́n á pàtẹ iṣu sẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ sàmì iye owó ẹyọ, tí onírìn-àjò á mú tirẹ̀, á sì fi owó sílẹ̀. Inú mi dùn pé ó ṣì wà níbì kan láyé.

Ó wá ku ìbéèrè tó le jù: báwo ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ṣe dé ibẹ̀? Kì í ṣe pé wọ́n bá wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, mọ́tò gba ìgboro Nẹ́dálándì gẹ́gẹ́ bó ṣe gba ti àwọn ẹlòmíràn, wọ́n ń fẹ̀ ọ̀nà fún un, kẹ̀kẹ́ sì ń dín kù. Ní 1971 nìkan, àwọn tó kú sójú ọ̀nà lé ní 3,000, ó sì lé ní 400 nínú wọn tó jẹ́ ọmọdé. Akọ̀ròyìn Vic Langenhoff, tí mọ́tò pa ọmọbìnrin rẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1972, ó pe àkọlé rẹ̀ ní Stop de Kindermoord, pé kí wọ́n yé pa ọmọdé. Orúkọ náà ni àwọn òbí fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dí títì, wọ́n tẹ́ tábìlì oúnjẹ sáàárín ọ̀nà, wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin. Nígbà tí ọ̀wọ́n epo dé ní 1973, ìjọba fòfin de mọ́tò ní ọjọ́ Àìkú fún nǹkan bí oṣù méjì, àwọn èèyàn sì tún fojú ara wọn rí bí títì ṣe ń rí láìsí mọ́tò. Ní 1975 ni ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, Fietsersbond, bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń la ọ̀nà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́, ní ìlú àti ní oko. Òfin wọn pàápàá tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ aláìlágbára: bí mọ́tò bá gbá ẹlẹ́kẹ̀ẹ́, ọlọ́kọ̀ ni òfin sábà máa ń di ẹrù ìnáwó lé lórí. Ẹ̀jẹ̀ ọmọdé àti ariwo òbí ló la ọ̀nà tí àwọn àlejò ń gùn lónìí. Kò sí ìlú tó tẹ́jú tí kò lè ṣe irú rẹ̀, bí àwọn ará ibẹ̀ bá fẹ́.

Fún àwọn èèyàn wa tó wà ní London àti àyíká rẹ̀, ìrìn yìí kò jìnnà. Ọkọ̀ òkun ń lọ láti Harwich sí Hoek van Holland, ó sì ń gba kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wà nítòsí tó ń bá etí òkun lọ sí àríwá. Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen ṣáájú, ìwé ìgbé ìlú Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ràn aṣọ lè yà sí Helmond ní Noord-Brabant, níbi tí Vlisco, tó ń ṣe ànkárá tí a mọ̀ sí Hollandis, ti wà láti 1846. Bí òdòdó tulip bá ni ẹ fẹ́ rí, àárín oṣù Kẹrin ni kí ẹ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà á kún fọ́fọ́. Èmi fara mọ́ oṣù Kẹfà, tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú, tí èrò sì ti dín kù. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ bí ẹ ó ṣe máa gun kẹ̀kẹ́ tààrà pẹ̀lú ọwọ́ kan, nítorí ọwọ́ kejì ni ẹ ó fi máa sọ ibi tí ẹ ń yà sí. Kí ẹ tó sanwó fún ẹgbẹ́ kankan, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń kẹ́yìn wọn, bí wọn kò bá sì rí orúkọ kan dá, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn.